Màmá Oníkọfí àti Àwọn Ọmọ Tí Ilẹ̀ Bí

Gbogbo ẹni tó wá kí wa láti ìgbà tí Màmá ti lọ ló ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́. Wọ́n ní Màmá gbó, wọ́n tọ́, wọ́n rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, ikú ọ̀dọ́ kọ́ ló wọlé wa. Mo gbọ́. N ó dúpẹ́ tó bá yá. Ní báyìí ná, inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ó máa bí mi lọ bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ tán, nítorí mo ti rí i pé bí inú ẹni bá ti rọ̀ ni irọ́ máa ń rí àyè jókòó.

Ìyá tó bí màmá mi ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Ní àdúgbò Ògìdá, ní ìlú Bìní, Màmá Oníkọfí ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, Ẹ̀dó ni o, Yorùbá ni o, Íbò ni o. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé ọkọ wọn wá sí Bìní, Bàbá àgbà tí n kò bá láyé. Bàbá gba ilẹ̀ sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì gbin kọfí sí i, nítorí pé kọfí ni bàbá tiwọn náà gbìn nílé. Nígbà tí Bàbá kú, oko náà di ti Màmá, bí ẹrù ṣe máa ń di ti ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Oko náà ti ń kú lọ tipẹ́. Láyé ìgbà kan, àwọn oníṣòwò máa ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sí ẹnu ọ̀nà oko láti ra kọfí. Nígbà tó yá, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wá, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n sì ń san. Nígbà tó tún yá, wọn ò wá mọ́. Kọfí kì í sì í ṣe ẹ̀gẹ́ tí èèyàn lè hú kó fi ṣe gàrí jẹ nílé. Ẹni tó gbìn ín kò mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ẹni tó ń mu ún láti inú agolo òkè òkun kò mọ̀ pé ó ń so ní ẹ̀yìn Bìní níbí. Àwọn tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gé kọfí wọn, àwọn kan gbin ọ̀pẹ, àwọn mìíràn ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n wá bá Màmá pé kí wọ́n gé tiwọn náà. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, wọ́n ní, “Igi kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ń ra èso rẹ̀ ló ṣẹ̀ mí.”

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa Màmá lọ́sẹ̀ ìsìnkú sọ wọ́n di ìyá pẹ̀lẹ́, ìyá jẹ́ẹ́jẹ́. N kò mọ ìyá tí wọ́n ń sọ. Màmá tèmi máa ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà láti ọjà New Benin títí dé ẹnu ọ̀nà ilé nítorí pé ó ń sáré, bí ó bá sì rọra lọ, wọ́n á ní ṣé ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí àwọn lọ́nà ni. Wọn kì í dá ẹni tó bá jókòó kí wọn lóhùn. Àwa ọmọ-ọmọ, tí a bí ní Bìní, tí Píjìn wọ̀ lẹ́nu ju ọmú lọ, wọ́n fìyà Yorùbá jẹ wá dáadáa. Bí mo bá dáhùn pé, “Mama, I dey come,” Màmá á bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo bi wọ́n pé kí ló burú nínú Píjìn, nígbà tí àwọn náà ń sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n ní, “Ti ọjà ni mò ń fi í ṣe. Èdè tí mo fi tọrọ rẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ni kí o fi dá mi lóhùn.”

Bí wọ́n ṣe kọ́ kọfí yíyan náà, ìjà ni. Nígbà tí àwọn oníṣòwò kò wá mọ́, Màmá lọ bá Málàámù tó ń ta tíì àti búrẹ́dì lẹ́bàá ọjà Santana, wọ́n bi í pé kí ló wà nínú ohun dúdú tó ń pò fún àwọn onímọ́tò. Ó fi agolo hàn wọ́n. Màmá ka ẹ̀yìn agolo náà, wọ́n rí i pé ohun tó ń jẹrà lórí igi wọn ni àwọn èèyàn ń fi owó gidi rà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Inú bí wọn dé àyè tí wọn ò fi lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gún kọfí gbígbẹ nínú odó, wọ́n fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n dà á sínú agbada, wọ́n yan án títí èéfín fi bo ilé. Àwọn aládùúgbò gbé omi wá, wọ́n rò pé ilé ń jóná. Èyí tí wọ́n yan lẹ́yìn ìyẹn náà jóná. Nígbà tó dára díẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gbé e fún Málàámù. Ó tọ́ ọ wò. Ó bu mílíìkì sí i, ó tún tọ́ ọ wò, ó sì ní kí Màmá gbé òmíràn wá lọ́la. Màmá fúnra wọn kì í fi mílíìkì tàbí ṣúgà mu tiwọn. Bí a bá fajú ro pé ó korò, wọ́n á ní, “Ó korò lóòótọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n parọ́ fún un ni?”

Ọ̀nà títà ti ṣí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí yóò ká kọfí náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn, ara Màmá sì ti ń dàgbà. Ibẹ̀ ni Itohan ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọbìnrin Ẹ̀dó ni Itohan, òpópónà wa ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà bí ọ̀pọ̀ ọmọ Bìní ṣe ń lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi í pamọ́ nígbà tó ń lọ. Wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó, wọ́n ní yóò rántí ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn tó jó lọ́jọ́ tó lọ náà ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́jọ́ tó dé, nítorí pé bàtà ìwẹ̀ àti ọ̀rá kan ló gbé bọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró sí ẹnu géètì, ó ní òun kò bí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà lọ ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Santana. Àwọn obìnrin tó mọ ìyá rẹ̀ á kọjá lọ ra ata, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú iṣẹ́ tó lọ ṣe lọ́hùn-ún, bí ẹni pé wọ́n bá a dé ibẹ̀.

Mo wà pẹ̀lú Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni, ó ti ń kó ọ̀rá rẹ̀ jọ. Màmá fi Píjìn ọjà wọn bi í pé, “You fit pluck coffee?”

Itohan ní, “I no sabi am, Mama.”

“Nobody sabi am. Come.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sùn sí yàrá tí mò ń sùn nílé Màmá, ó sì tẹ̀lé wọn lọ sí oko nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Màmá kò bi í ní ohun kan nípa Líbíà, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Mo bi Màmá nínú kẹ̀kẹ́ pé ṣé wọn kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn. “Ẹni tó ti inú iná jáde, omi là ń fún un. A kì í bi í bí iná ṣe gbóná tó.”

Itohan mú ẹnìkan wá tí wọ́n jọ ti Líbíà dé. Ẹni náà mú ẹlòmíràn wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn opó abúlé náà dé, àwọn tí mọ̀lẹ́bí ọkọ ti kó ẹrù wọn tán. Màmá kò fún ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ mú aṣọ àlòkù wá fún wọn. Àwọn obìnrin náà ń ká kọfí, wọ́n ń sá a sórí tapolín, wọ́n ń gún un, wọ́n ń yan án, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá. Ohun tí kọfí bá pa, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń pín in lójú gbogbo wọn. Wọ́n ń yọ díẹ̀ sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé kékeré sí inú oko náà, fún ẹnikẹ́ni tó bá dé tí kò sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Lẹ́yìn ilé náà ni wọ́n gbẹ́ bóhòlù.

Ọ̀rọ̀ bóhòlù yẹn ṣì ń dùn mí. Abúlé náà kò ní omi tó mọ́. Àwọn ìyá ibẹ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gba iwájú oko wa kọjá, nítorí irú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ tí omi jáde, àwọn náà ló kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé. Itohan dúró ti ẹ̀rọ, ó ní òun yóò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ti gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn, ó gbọ́ ọ ju àwa ọmọ-ọmọ lọ, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Màmá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Jẹ́ kí wọ́n pọn ọ́n. Kí ojú máa tì wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń kún.”

Ó kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, àwa ọmọ Èkìtì tó wà ní Bìní, wàyí. Ilé alága ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lóṣooṣù. N kò ní fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún alága yìí nínú ohun tí mò ń kọ. Ẹ foríjì mí, tàbí kí ẹ má foríjì mí. Màmá gbé kọfí gbígbóná lọ sí ìpàdé nínú fíláàsìkì ńlá, wọ́n ní kí àwọn ará ilé tọ́ ohun tí ọmọ ìyá wọn ń ṣe wò, kí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú wọn sì bá àwọn tà á. Èmi ni mo ń gbé ife kiri. Ẹnìkan kò gbà á. Ọ̀gá báńkì kan wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, diakoni wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ní inú òun kò gba kọfí. Alága ló wá là á mọ́lẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. A mọ ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Ìlú onílùú la wà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ba orúkọ wa jẹ́.”

Màmá kò dìde. Wọ́n gba ife kan lọ́wọ́ mi, wọ́n bu kọfí kún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Akọ̀wé fẹ́ ka ohun tó kàn, kò rí i kà. Nígbà tí Màmá mu ún tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, “Alága, ọwọ́ tó ká kọfí yìí mọ́ ju ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.” Wọn kò lọ sí ìpàdé náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àwọn tó bú wọn kò tilẹ̀ bí mi nínú tó àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan dé sí oko lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n gbé kámẹ́rà wá. Wọ́n ní àwọn ń ran àwọn tó ti Líbíà dé lọ́wọ́, àwọn sì fẹ́ fún oko náà ní ẹ̀rọ tó ń bó kọfí, tó ń yan án, tó sì ń lọ̀ ọ́. Inú gbogbo wa dùn. Odó gígún ti ń ba èjìká àwọn obìnrin náà jẹ́, àwọn mìíràn kì í lè gbé apá sókè bí alẹ́ bá lẹ́. Ọkùnrin tó ṣáájú wọn yí oko náà ká, ó yìn ín. Ó wá ní kí àwọn ọmọbìnrin náà bọ́ épírọ́ọ̀nù, kí wọ́n wọ aṣọ tó ti gbó, kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí àwọn ọkùnrin fi ojú wọn rí lọ́nà, níkọ̀ọ̀kan. Ó ní bí wọ́n bá lè sunkún, yóò dára, nítorí àwọn tó ń fowó sílẹ̀ ní Yúróòpù fẹ́ rí i.

Mo rí Itohan. Ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti ń tú okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ro èjìká àwọn tó kù. Màmá rìn lọ bá a, wọ́n gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún un so, wọ́n sì fà á le. Wọ́n kọjú sí ọkùnrin náà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún un lédè tí yóò yé e, mo sì sọ ọ́: “Kọfí là ń tà níbí. A kì í ta ẹkún.”

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Màmá ní kó ra kọfí kó tó máa lọ, kò ra ẹyọ kan. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n fi gún odó lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo pé Màmá gbéraga. Kò sí ẹni tó sọ pé ọkùnrin yẹn ló yájú.

Dádì Àbújá wà lára àwọn tó sọ ọ́. Káyọ̀dé lorúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, àkọ́bí Màmá. N kò ní purọ́ mọ́ Dádì. Àwọn ló ń tọ́jú Màmá bí ara wọn kò bá yá, wọn kì í jẹ́ kí Màmá ṣaláìní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo oko náà, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ìlú ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ilé ti ń yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan pè wá láti abúlé pé Dádì wà ní oko pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Wọn kò sọ fún Màmá pé àwọn ń bọ̀ ní Bìní rárá.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin náà dúró sí ọ̀kánkán, ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n á tún lé òun. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga wá, wọ́n gbé e lé orí ihò náà, Màmá sì jókòó. Wọ́n ní kí Itohan gbé agbada àti iná wá síbẹ̀. Wọ́n yan kọfí lójú gbogbo wọn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n sì bù ú fún àwọn awọnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà gbà á, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ wọn.

Dádì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí wọn. Wọ́n ní, “Màmá, ilẹ̀ bàbá mi ni.”

“Káyọ̀dé, ilẹ̀ bàbá rẹ ni. Ó sì ti bí àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ.”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màmá pe olórí abúlé, wọ́n pe lọ́yà, wọ́n pe gbogbo wa sábẹ́ igi máńgòrò. Lójú ọ̀sán gangan, wọ́n fi oko náà lé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó jẹ́ tiwọn àti ti ẹni tó bá tún dé. Ìyá tó bí mi sunkún, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Dádì kò wá. Títí di òní wọn kò tíì tẹ ibẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, èmi ni mo máa ń jókòó ti Màmá nílé ìwòsàn bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n jí, ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n ní, “Bọ́sẹ̀, bí mo bá lọ, wọ́n á ní mo ṣàánú àwọn ọmọ yìí. Má gbà fún wọn. Kọfí pọ́n lórí igi, n kò rí ẹni bá mi ká a. Àwọn lágbára, wọn kò rí ẹni gbà wọ́n síṣẹ́. A jọ ran ara wa lọ́wọ́ ni.”

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn tó ń ṣètò ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí àwọn obìnrin oko lọ jókòó sábẹ́ kánópì níta, pé inú ilé wà fún mọ̀lẹ́bí. Ìyá tó bí mi ló dìde, wọ́n jáde lọ mú wọn, wọ́n sì kó wọn wá sí ìjókòó tiwa. Alága wá gba makirofóònù. Ó ní Màmá jẹ́ aláàánú. Ó ní àwọn ọmọ tó ti bàjẹ́, tí òbí ti kọ̀ sílẹ̀, inú gọ́tà ni Màmá ti ṣà wọ́n. Itohan ń gbọ́, gbogbo wọn ń gbọ́. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wà lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá náà, pé láìpẹ́, ẹgbẹ́ yóò gbé pátákó ńlá kan kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà oko, tí orúkọ ẹgbẹ́ yóò wà lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Èmi ló kàn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti kọ ohun tí n ó kà fún mi. Mo ká ìwé náà pọ̀, mo sì sọ ohun tí Màmá sọ fún mi nílé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Mo sọ ti kọfí tí a gbé lọ sí ìpàdé tí ẹnìkan kò mu. Alága ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo parí, Itohan dìde. Àwọn yòókù dìde tẹ̀lé e, wọ́n sì wà lórí ìdúró títí a fi gbé pósí jáde.

Ní ọjọ́ Monday, àwọn obìnrin náà padà sí oko, nítorí kọfí kì í dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni alága rán diakoni sí mi, pé mo tàbùkù àwọn àgbà lójú gbogbo ayé, pé kí n wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú ẹgbẹ́. N kò lọ. Mo dá diakoni lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí oko náà, kọfí ti pọ́n. Itohan ló ń gba òṣìṣẹ́. Kó tètè dé.